Bí Ọdẹ́dìran Ṣe Kọ́ Èdè Fiẹtnámù ní Yunifásítì Igbó Ohùn

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó wú u báyìí. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, kó tètè lọ bu omi mu, nítorí ìtàn yìí kò fẹ́ kí a dá òun dúró lágbedeméjì. Ẹ ṣáà mọ̀ mí. Èmi ni Ògúnrónbí tí mo lé ẹfọ̀n títí ẹfọ̀n fi jókòó sílẹ̀ tó ní kí n jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun sinmi. Mo ti bá iwin kan pàdé rí tó ń fi irun orí ara rẹ̀ hun ẹní. Mo kí i, ó kí mi, oníkálùkù wa bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú Ọdẹ́dìran rí, bó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá ti sá padà kí n tó dé ẹnu ibodè. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, bó sì ṣe sọ ọ́ fún mi náà ni màá ṣe sọ ọ́ fún yín.

Ìlú Ìsàlẹ̀-Ahun ni Ọdẹ́dìran ń gbé, ilé rẹ̀ ló sì kángun sí igbó. Ọmọ kan ṣoṣo ni òun àti ìyàwó rẹ̀ bí, Àwẹ̀ró ni wọ́n sọ ọ́. Ìgbà tí Àwẹ̀ró dàgbà, ó fẹ́ ọkùnrin kan ará Fiẹtnámù tó wá ń kọ́ àwọn ará ibẹ̀ bí a ṣe ń gbin ìrẹsì sínú àbàtà. Iṣẹ́ ọkùnrin náà parí, Àwẹ̀ró bá a kọjá òkun lọ sí ìlú rẹ̀, wọ́n sì bí ọmọbìnrin kan síbẹ̀ tí wọ́n pè ní Lan. Ọdẹ́dìran àti ìyàwó rẹ̀ kò fojú kan ọmọ náà rí. Ọjọ́ tí wọn yóò fojú kàn án, ìròyìn burúkú ló mú un wá. Obìnrin atukọ̀ kan ló fà á lọ́wọ́ wọ àgbàlá. Ó ní omíyalé ti gbé Àwẹ̀ró àti ọkọ rẹ̀ lọ, wọn kò rí òkú wọn, ọmọ yìí nìkan ni wọ́n rí yọ lórí igi.

Lan kò gbọ́ Yorùbá. Èdè bàbá rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń sọ sí i láti kékeré. Kò sunkún, kò rẹ́rìn-ín, oúnjẹ tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀ a máa tutù síbẹ̀. Ògiri ló máa ń dojú kọ. Ìyá Àwẹ̀ró á gbé e sẹ́sẹ̀, á máa kọrin sí i létí, ọmọ á kàn máa wo iwájú bí ẹni tó ń dúró de ẹnìkan lójú ọ̀nà.

Ẹni tó ń dúró dè náà sì dé. Ní ọ̀sán gangan ọjọ́ kan, nígbà tí òòrùn mú débi pé adìyẹ ń mí hẹlẹhẹlẹ lábẹ́ àká, ohùn kan pè láti inú igbó. Kò pariwo. Ó dún bí ohùn obìnrin tó ń pe ọmọ wá jẹun. Bí Lan ṣe gbọ́ ọ báyìí, ó dìde, ó sì kọjú sígbó, ó ń lọ. Ìyá Àwẹ̀ró sáré gbé e padà. Ọjọ́ kejì, ohùn náà tún pè, ọmọ tún dìde. Wọ́n fi ọ̀já so ó mọ́ ìyá àgbà nídìí, kókó ọ̀já tú fúnra rẹ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì bá ọmọ níta lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí a tì. Ọdẹ́dìran gbé ìbọn, ó yìn ín sí ibi tí ohùn náà ti ń wá; ọta fò lọ, ó fò padà, ó sì bọ́ sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí èso tó pọ́n. Wọ́n ń ké pe Lan pé kó padà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn dà bí afẹ́fẹ́ létí rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló sì ń jìn sí i kí wọ́n tó bá a.

Obìnrin atukọ̀ yẹn kò tíì lọ. Ó wo gbogbo rẹ̀, ó sì mi orí.

“Bàbá,” ó ní, “ohun tó ń pè é ń fi èdè rẹ̀ pè é. Ẹ̀yin ń fi èdè yín dá a dúró. Kò lè gbọ́ yín láéláé.”

“Níbo ni wọ́n ti ń kọ́ irú èdè bẹ́ẹ̀?” Ọdẹ́dìran bi í.

“Yunifásítì kan wà nínú Igbó Ohùn. Wọ́n máa ń gba ẹni tí kò mọ nǹkan kan rárá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wọlé pọ̀ ju àwọn tó ń jáde lọ.”

Ìyá Àwẹ̀ró di aṣọ ọkọ rẹ̀ mú. “Bàbá Àwẹ̀ró, omi ti gba ọmọ mi. Ṣé igbó náà á wá gba ọkọ mi ni?”

“Màá padà,” ni Ọdẹ́dìran wí. “Di ọmọ náà mú. Bí kókó bá ń tú, máa fi ọwọ́ dì í mú.”

Ó gbé àpò ọdẹ kọ́ èjìká, ó wọ igbó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí bí ọ̀nà náà ṣe jìn tó. Ẹ ṣáà fi sọ́kàn pé igbó tí ẹyẹ ń ké ni ó kọ́kọ́ là kọjá, lẹ́yìn náà ó dé igbó tí ẹyẹ ń la ẹnu tí a kò gbọ́ nǹkan kan, lẹ́yìn náà ó dé ibi tí a ti ń gbọ́ igbe ẹyẹ tí kò sí ẹyẹ. Igbó Ohùn nìyẹn. Bí ó bá tẹ ewé gbígbẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún ni ewé náà ti máa ń dún. Ọkùnrin tó ti sùn sínú ihò pẹ̀lú ejò rí ni o, ó sì ní irun orí òun ń dìde.

Ó dé ẹnu ibodè. Oníbodè jẹ́ iwin gígùn kan tí kò ní ẹnu. Etí ló bò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ńlá àti kékeré, gbogbo wọn sì ń mì bí etí ìgalà. Iwin náà tẹ̀ wá síwájú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé láti ihò imú. Kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ohùn lásán ni: òkè, ìsàlẹ̀, àárín. Ẹlòmíràn á rò pé orin ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọdẹ kì í pariwo nínú igbó. Súfèé la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Èmi gan-an ti fi súfèé bá àna mi jà rí láti orí òkè kan sí èkejì, mo sì borí! Ọdẹ́dìran tẹ́tí, ó sì gbọ́ ohun tí imú náà ń wí: “Kí ni ó ń wọ ilé láì kan ilẹ̀kùn?”

Ọkàn rẹ̀ lọ sí ilé rẹ̀, sí ọ̀sán gangan, sí ọmọ tó ń dìde. Ó ká ètè jọ, ó súfèé ìdáhùn: “Ohùn ni.”

Gbogbo etí náà padé lẹ́ẹ̀kan náà, ibodè sì ṣí.

Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ èdè Fiẹtnámù kò ní òrùlé. Òòrùn ń ràn níta, ṣùgbọ́n òjò wínníwínní ń rọ̀ nínú rẹ̀ láì dá. Olùkọ́ wọn jẹ́ ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Bà Sương. Irun rẹ̀ funfun, ó gùn dé ilẹ̀, omi ń kán ní ṣóńṣó rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì kan ilẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ti wà níbẹ̀ ṣáájú Ọdẹ́dìran, ọ̀gbẹ́ni kan tí fìlà rẹ̀ ga, Láníhùn lorúkọ rẹ̀.

“Bàbá ọdẹ, ẹ káàbọ̀ o,” Láníhùn kí i. “Ẹ fọkàn balẹ̀. Yunifásítì tí mo ti jáde kò lóǹkà. Mo fẹ́ fi èdè yìí kún un ni. Ohun tí kò bá yé yín, ẹ bi mí.”

Bà Sương kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ní: “Ẹ̀yin Yorùbá ní ohùn mẹ́ta. Ẹ rò pé ẹ mọ ohùn. Mẹ́fà ni tiwa. Ẹ gbọ́.”

Ó la ẹnu, ó pe *ma* ní ohùn tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Nǹkan funfun kan yọ lẹ́yìn ògiri, ó wò wọ́n, kò ní ojú. “Òkú tó ń rìn nìyẹn,” ni ìyá náà wí. Ó gbé ohùn sókè, *má*, òórùn ọmú tàn ká inú yàrá náà bí ìgbà tí ìyá ọlọ́mọ bá wọlé. “Ìyá.” Ó sọ ọ́ kalẹ̀, *mà*. “Ṣùgbọ́n.” Ó tẹ ohùn wọlẹ̀, ó tún fà á yọ, *mả*, ilẹ̀ sì lanu díẹ̀ lábẹ́ ìjókòó wọn. “Sàréè.” Ó dá ohùn láàárín méjì bí igi tó kán, *mã*. Pátákò ẹsẹ̀ ẹṣin sáré yí ilé náà ká. Ó fún ohùn pa nísàlẹ̀ ọ̀fun, *mạ*, ọ̀mùnú ìrẹsì sì hù láàárín ìka ẹsẹ̀ Ọdẹ́dìran. Ó pa ẹnu dé, gbogbo rẹ̀ sì pòórá.

“Ohun tí ẹ bá pè,” ó ní, “òun ló ń bọ̀. Ẹ pe ìyá fún mi.”

Ọdẹ́dìran wò ó pé ohùn tí a fi ń kìlọ̀ fún ọmọ nílé, pé má fọwọ́ kan iná, má lọ sódò, òun ni àwọn wọ̀nyí fi ń pe ìyá. Ẹnu rẹ̀ wúwo.

“Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín, bàbá,” ni Láníhùn wí. Ó dìde, ó tún fìlà ṣe, ó sì pè é pẹ̀lú ẹwà. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kó dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ohùn rẹ̀ wọlẹ̀ kó tó gòkè. *Mả*. Ilẹ̀ ya. Kò tilẹ̀ ráyè ké. Ilẹ̀ padé mọ́ ọn lórí, ó dán bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, fìlà gíga yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù, tí òjò ń pa.

Bà Sương kò wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. “Ó pe sàréè, sàréè dá a lóhùn. Ẹni tó kàn?”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹsẹ̀ Ọdẹ́dìran ti kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ohun tó dá a dúró kò ju ọmọ tí kò sunkún yẹn lọ. Ó dijú. Ó bi ara rẹ̀ léèrè pé, nínú gbogbo ohun tí òun ti dọdẹ láyé òun, èwo ló ń ké báyìí? Ó rántí ọmọ ẹtu tí ìyá rẹ̀ sọnù, bó ṣe máa ń fa igbe lọ sókè láì tẹ̀ ẹ́. Ó ké bí ọmọ ẹtu náà: *má*. Òórùn ọmú gba inú yàrá náà kan. Ìyá arúgbó náà mi orí lẹ́ẹ̀kan.

Bó ṣe ń kọ́ ọ nìyẹn. Ohùn tó kán, ó rí i nínú ikọ́ ọ̀bọ. Ohùn tó pa nísàlẹ̀ ọ̀fun, ó rí i lẹ́nu ọ̀pọ̀lọ́ tí ènìyàn ṣèèṣì tẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń ṣìnà. Ìgbà kan, ẹṣin tó pè láìmọ̀ sáré kọjá lórí rẹ̀, ó sì ṣẹ́ egungun ìhà rẹ̀. Wọn kò fún un ní ìsinmi. Ó dìde, ó ń kọ́ ọ lọ pẹ̀lú ìrora.

Ìgbà tó yá, wọ́n dé orí bí a ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Bà Sương ní: “Níhìn-ín, a kì í dédé sọ pé ‘èmi’, a kì í dédé sọ pé ‘ìwọ’. Kí o tó la ẹnu, kọ́kọ́ mọ ohun tí o jẹ́ sí ẹni tó wà níwájú rẹ. Bàbá ni, àbúrò ni, ọmọ ni. Ẹni tó bá fi ara rẹ̀ sí ipò tí kì í ṣe tirẹ̀, ipò náà á gbé e mì.”

Ọdẹ́dìran fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. “Ìyá, ilé wa náà kò yàtọ̀ sí bẹ́ẹ̀. Ta ló jẹ́ pe àgbà ní ‘ìwọ’? Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo jẹ́ sí ọmọ tí ọmọ mi obìnrin bí?”

“*Ông ngoại*. Bàbá àgbà tó wà níta.”

“Níta kẹ̀?”

“Ìdílé ìyá, ti ìta là ń pè é. Láti ìta ni wàá ti pe ọmọ náà. Bó bá wù ú, á yíjú.”

Ọ̀rọ̀ yìí dun Ọdẹ́dìran ju egungun ìhà rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó kọ́ ọ, ó sì ń pè é títí ètè rẹ̀ fi bó.

Ìdánwò kò pẹ́ dé. Wọ́n mú un lọ sí ẹ̀yìn yunifásítì, níbi tí oko ìrẹsì kan tẹ́ lọ títí, tí omi rẹ̀ dúdú. Àwọn òkú dúró káàkiri nínú omi náà dé orúnkún. Ó gbọ́dọ̀ la àárín wọn kọjá, kí ó sì fi ipò tó yẹ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó rí arúgbó ọkùnrin kan, ó kí i bí a ṣe ń kí bàbá àgbà. Òkú náà yẹra. Ó rí ọ̀dọ́mọbìnrin, ó pè é ní àbúrò, ó yẹra. Ó rí ọmọ kékeré kan tí ewé omi bò lójú, ó sì jọ Lan. Ó pè é ní ọmọ. Ọmọ náà yẹra.

Ẹni ìkẹyìn dúró sí etí oko, kò ní ojú, kò ní ọwọ́, aṣọ funfun bò ó pátá. Ta ni yóò mọ̀ bóyá àgbà ni tàbí ọmọdé? Omi oko ń gòkè, ó ti dé ìbàdí Ọdẹ́dìran. Àwọn tó yẹra lẹ́yìn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ ọn padà. Ó ṣí ẹnu, ó pa á dé. Ọdẹ tí kò bá rí ẹran tó ń mi ewé kì í yìnbọn. Dídúró ló máa ń dúró. Ó dọ̀bálẹ̀ sínú omi, ó gbé imú nìkan sókè, ó sì dákẹ́.

Ìgbà tí ẹni náà rí i pé kò ní sọ̀rọ̀, ó bi í pé: *“Con đi đâu?”* Ọmọ mi, níbo lò ń lọ?

Ó pè é ní ọmọ! Àgbà ni nígbà náà. Ọdẹ́dìran, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, fi ara rẹ̀ sí ipò ọmọ, ó sì dáhùn pẹ̀lẹ́: *“Dạ, con về nhà.”* Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yín ń lọ sílé ni.

Aṣọ funfun náà bọ́. Bà Sương ni. “Máa lọ,” ó ní. “Akẹ́kọ̀ọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ṣì ni ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ kò kún ìkarahun ìgbín. Ṣùgbọ́n èyí tó wà níbẹ̀, ó pé.”

Ọ̀sán gangan ló yọ sí Ìsàlẹ̀-Ahun. Kó tó rí ilé rẹ̀ ló ti ń gbọ́ igbe ìyàwó rẹ̀. Lan ti wà létí igbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wọ inú òjìji igi. Ìyá Àwẹ̀ró di apá rẹ̀ kan mú, ọmọ kékeré náà sì ń wọ́ ọ nílẹ̀ bí ẹni pé ó lágbára ju màlúù lọ. Ohùn náà sì ń pè: *“Lan ơi! Về với má!”*

Fún ìgbà àkọ́kọ́, Ọdẹ́dìran gbọ́ ohun tó ń wí. Lan o, padà wá sọ́dọ̀ ìyá rẹ. Ohùn Àwẹ̀ró ni. Nígbà tí kò gbọ́ èdè náà, kò mọ ohùn ọmọ ara rẹ̀.

Ó sáré, ó ké: *“Cháu ơi!”* Ọmọ-ọmọ mi o! Ṣùgbọ́n èémí rẹ̀ kò délẹ̀, ohùn rẹ̀ gbọ̀n, Lan kò sì yíjú. Ẹsẹ̀ kejì wọ inú òjìji. Ọdẹ́dìran dúró. Ó di ìhà rẹ̀ tó ń ro ó mú, ó mí, ó sì pè é láti ìta tí ó wà, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ: *“Cháu ơi! Về với ông ngoại!”*

Lan yíjú. Ó wo bàbá arúgbó tí ẹrẹ̀ bò náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Nígbà náà ni ohun tó ń pè jáde. Aṣọ Àwẹ̀ró ló wọ̀, ojú Àwẹ̀ró ló ní, omi sì ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀ láì dá. Ó fi Yorùbá sọ̀rọ̀ wàyí: “Bàbá mi, ẹ fún mi lọ́mọ mi. Ibẹ̀ tutù. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀.”

“Ọmọ mi ni!” ni Ìyá Àwẹ̀ró ké. “Bàbá Àwẹ̀ró, ọmọ wa ló ń pè wá!”

“Má dá a lóhùn,” ni Ọdẹ́dìran wí, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ìyàwó rẹ̀. Títí di ọjọ́ tó sọ ọ́ fún mi, kò mọ̀ bóyá ọmọ òun ló wà níwájú òun tàbí nǹkan kan tó gbé ìrísí rẹ̀ wọ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá fi Yorùbá dáhùn, ohùn bàbá ni yóò jáde, òun kò sì ní lè kọ̀ fún un. Ó wá fi èdè tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ kan péré, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. *“Không.”* Rárá.

Ẹ̀dá náà pa ẹnu dé. Omi ẹnu rẹ̀ dá. Ó yípadà, ó sì wọ inú igbó lọ, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù lórí ewé.

Lan fa Ọdẹ́dìran láṣọ. Ó la ẹnu tí wọn kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tó dé, ó ní: *“Má đâu?”* Ìyá mi dà?

Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa. A ó ní ó ti sùn. A ó ní ó rìnrìn àjò, pé ó ń bọ̀, pé kí ọmọ jẹun ná. Gbogbo ọ̀rọ̀ rírọ̀ wọ̀nyẹn wà lẹ́nu Ọdẹ́dìran ní Yorùbá, kò sì ní ẹyọ kan nínú wọn ní èdè ọmọ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju èyí tó le koko náà lọ. Ó kúnlẹ̀ kí ojú òun àti ti ọmọ lè dọ́gba.

*“Má chết rồi,”* ó ní. Ìyá rẹ ti kú.

Lan dúró. Lẹ́yìn náà ló ké, igbe tí gbogbo Ìsàlẹ̀-Ahun gbọ́, ó sì wó lu bàbá àgbà rẹ̀ láyà níbi tí egungun rẹ̀ ti ṣẹ́, Ọdẹ́dìran kò sì tì í kúrò. Ìyá Àwẹ̀ró jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbá àwọn méjèèjì mọ́ra, òun náà ń sunkún. Wọn kò tíì sunkún ọmọ wọn láti ìgbà tí ìròyìn ti dé. Òòrùn ti wọ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó dìde. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Lan jẹ ìrẹsì díẹ̀, ó tún tọwọ́ bọ inú abọ́.

Ó ti dàgbà báyìí. Ó ń sọ Yorùbá ju èmi lọ. Ohùn náà kò sì dẹ́kun pátápátá. Ọ̀sán mìíràn, bí òòrùn bá mú gan-an, ó ṣì máa ń pè. Èmi fúnra mi ti jókòó sí àgbàlá wọn nígbà tó pè. Lan gbé orí sókè, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ohun tó ń ṣe, Ọdẹ́dìran náà dúró. Lẹ́yìn náà ni Lan tẹ orí ba, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ dìde, ọ̀rọ̀ mi tán. Ẹ lọ pe àwọn ọmọ yín wọlé.